Àgbàlagbà tó fura pé òun ní ADHD: bí àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ṣe ń lọ

Ìbéèrè: Aránṣọ obìnrin kan ní Ọ̀fà, ẹni ọdún 38, ìyá ọmọ mẹ́ta, ló kọ̀wé pé dókítà kan ní Ìlọrin ti sọ fún òun pé àkọ́bí òun ọkùnrin ní ADHD, ìyẹn àìlera ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè fọkàn sí nǹkan títí tàbí kí ó lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí dókítà ṣe ń ka àwọn àmì rẹ̀, ńṣe ni ó dà bíi pé ìgbésí ayé òun alára ni wọ́n ń kà. Aṣọ oníbàárà kì í jáde lásìkò, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ mẹ́rin láì parí ọ̀kan, ó sì ti gbé owó àjọ sọnù rí. Ọkọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní láti kékeré ni ọkàn rẹ̀ kì í ti í sí níbi tí ó jókòó sí. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọ̀kan mì nínú oògùn methylphenidate tí wọ́n kọ fún ọmọ náà, iṣẹ́ ọjọ́ náà sì yá a. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyẹn ti tó ẹ̀rí, ibi tí òun lè lọ fún àyẹ̀wò láìjẹ́ pé wọ́n pe òun ní wèrè, bóyá títí ayé ni òun yóò máa lo oògùn, àti bí òun yóò ṣe lò ó nínú ààwẹ̀ Ramadan.

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ẹ sì kú ìforítì. Ọ̀rọ̀ oògùn ọmọ yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló kánjú jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún gbé e mì mọ́. Ohun tí methylphenidate ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí dopamine àti noradrenaline, àwọn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, pọ̀ sí i, kò sì mọ ẹni tí ó ní ADHD yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní. Leandro Panizzon, onímọ̀ kẹ́mísírì tí ó kọ́kọ́ po oògùn yìí ní orílẹ̀-èdè Siwitsalandi ní ọdún 1944, ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ní ó dán an wò, tí ó sì máa ń lò ó kí ó tó lọ gbá bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì; ara orúkọ obìnrin náà ni wọ́n ti fa Ritalin yọ, orúkọ tí wọ́n fi ń ta oògùn náà, a kò sì gbọ́ pé ó ní ADHD. Nítorí náà, pé iṣẹ́ yá yín lọ́jọ́ kan kò sọ bóyá ẹ ní ADHD tàbí ẹ kò ní. Ohun tí ó dájú ni pé oògùn náà ń mú kí àyà yára lù, ó sì ń ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, ẹ kò sì sọ ìgbà tí wọ́n wọn ìfúnpá yín gbẹ̀yìn. Iye tí wọ́n kọ fún ọmọ náà ni wọ́n kà fún un pẹ̀lú. Bí ó bá tán ṣáájú ọjọ́, òun ni yóò jìyà rẹ̀ nílé ìwé. Bí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Kò ní bá yín jà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mọ̀.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí ẹ ní i? Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ìwádìí lórí àwọn ìbejì fi hàn pé nínú ohun tí ó mú kí ẹnì kan ní ADHD tí ẹlòmíràn kò sì ní i, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jẹ́ àjogúnbá, ìdí sì nìyẹn tí ó fi wọ́pọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ ni òbí fi ń mọ tara rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn oníṣègùn fi gbà pé àìlera ọmọdé ni, pé bí ọmọ bá ti bàlágà, yóò fi í sílẹ̀. Nísinsìnyí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni kì í fi sílẹ̀; ìdíwọ̀n tí àwọn onímọ̀ sábà ń lò ni pé nǹkan bí ènìyàn méjì sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ló ní i. Àwọn obìnrin ló sì sábà ń bọ́ lójú àyẹ̀wò. Ọmọkùnrin tí ó ń gun fèrèsé kíláàsì, gbogbo ènìyàn ni yóò rí i. Ọmọbìnrin tí ó jókòó sẹ́yìn, tí ó ń wo ìta, tí olùkọ́ yóò pe orúkọ rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ kí ó tó gbọ́, ohun tí wọn yóò kọ sínú káàdì rẹ̀ kò ju pé ó lè ṣe dáadáa jù báyìí lọ. Bí ó bá dàgbà, àìlejókòó tí ó hàn lára ọmọdé lè wọ inú lọ, kí ó wá di ọkàn tí kò sinmi, ẹnu tí ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹlòmíràn, àti owó tí a ná kí a tó ronú.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà kò tó mi láti sọ pé òun ni, dókítà kan kò sì gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ lórí ìjókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí a lè fà, kò sì sí ẹ̀rọ tí a lè gbé lé orí, tí yóò sọ pé ADHD nìyí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó àwòrán ọpọlọ kí òun fi lè mọ̀ ọ́n, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń wá níbẹ̀. Bí ẹ bá ti forí gbá rí tàbí wárápá ti gbé yín rí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìtàn ayé ènìyàn ni a fi ń ṣe àyẹ̀wò náà. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ dókítà ń tẹ̀ lé ni DSM-5 ti àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ọdún 2013. Ó to àmì mẹ́sàn-án sí abẹ́ àìlefọkànsí-nǹkan, ó sì to mẹ́sàn-án mìíràn sí abẹ́ àìlejókòó àti ìwàǹwára. Ẹni tí ó bá ti tó ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán márùn-ún nínú ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ méjèèjì, fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Díẹ̀ nínú wọn gbọ́dọ̀ ti hàn kí ó tó pé ọdún 12, wọ́n gbọ́dọ̀ máa hàn ní ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ, bí ilé àti ibi iṣẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa ba nǹkan jẹ́ fún un ní tòótọ́. Ìbéèrè mẹ́fà kan tún wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fọwọ́ sí, tí wọ́n ń pè ní ASRS. Ẹ lè dáhùn rẹ̀ kí ẹ sì mú un lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ kò ju bóyá ó yẹ kí a wò ó síwájú.

Ọ̀rọ̀ ọdún 12 yẹn ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í múra sílẹ̀ fún. Wọ́n á wá, wọ́n á sọ gbogbo wàhálà ọdún yìí, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe rí ní kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn kò rántí. Ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ dárúkọ yẹn, ẹ̀rí tó lágbára ni, ẹ sì gbìyànjú kí ó bá yín lọ, tàbí kí ó wà lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Ẹ wá inú àpótí bóyá káàdì èsì ìdánwò kan ṣẹ́ kù. Kì í ṣe ipò tí ẹ gbà ni a ń wò, ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kọ sísàlẹ̀ ni. Bí ẹ bá lọ ilé kéú, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ṣé àwọn ẹgbẹ́ yín ti fọ wàláà wọn lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ẹ̀yin ṣì wà lórí àkọ́kọ́, kì í ṣe pé orí yín kò pé, bí kò ṣe pé ẹ kò lè dúró ti ìlà kan títí? Alùfáà tí ó kọ́ yín, bí ó bá wà láàyè, lè rántí ohun tí ìyá yín ti gbàgbé.

Bí wọ́n bá sì ń bi yín ní ìbéèrè, "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan kò ṣe dókítà láǹfààní, nítorí kò sí ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan láyé. Ẹ sọ bí ọjọ́ kan ṣe lọ. Ẹ sọ pé ẹ ń gé lèésì kan lórí tábìlì, ẹ rántí pé òwú aláwọ̀ yẹn ti tán, ẹ dìde láti rán ọmọ iṣẹ́, ẹ rí fóònù, ẹ dá ẹnì kan lóhùn, ẹ ti áyọ́ọ̀nù bọná láti lọ aṣọ ẹlòmíràn, nígbà tí ẹ ó fi padà sídìí lèésì, ṣọ́ọ̀kì tí ẹ fi sàmì ti parẹ́, áyọ́ọ̀nù sì ti jó ojú tábìlì. Lẹ́yìn náà ẹ sọ iye ìgbà tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń wáyé, àti ohun tí ó ná yín: oníbàárà tí ó gba aṣọ rẹ̀ padà ní ọjọ́ kejì Iléyá, owó àjọ tí ẹ san nínú àpò ara yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé nígbà mìíràn ẹ lè jókòó ti iṣẹ́ ọnà ọrùn bùbá kan láti alẹ́ di ìdájí láì rántí oúnjẹ, ẹ sọ ìyẹn náà. Ọkọ yín lè fi í ṣe ẹ̀rí pé ẹ lè ṣe é bí ẹ bá fẹ́, àmọ́ kò tako ADHD rárá. Ẹni tó ní i kì í ṣe aláìní ìfọkànsí. Dídarí rẹ̀ síbi tí iṣẹ́ wà ni ìṣòro.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ibí sì ni dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń fi sùúrù ṣe é. Àìtó ẹ̀jẹ̀, tí ó wọ́pọ̀ lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀, lè mú kí ọkàn máa fò. Ẹṣẹ́ tairọ́ìdì tó wà níwájú ọ̀fun, bí ó bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù, lè sọ ènìyàn di ẹni tí kò lè jókòó. Bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá sì tó, ìrònú yóò máa falẹ̀. Ẹni tí ó ń hanrun gan-an tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun yóò jí pẹ̀lú orí wúwo, kò sí ohun tí yóò rántí di ọ̀sán. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe lè fa ẹ̀jẹ̀ yín, kì í ṣe láti fi wá ADHD. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn àníjù náà ń jí ìfọkànsí gbé, àmọ́ wọ́n sábà máa ń ní ìgbà tí ènìyàn lè tọ́ka sí pé ibí ni ó ti bẹ̀rẹ̀. ADHD kì í ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, bí ènìyàn ṣe mọ ara rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n sì lè wà papọ̀ nínú ẹnì kan. Wọn yóò béèrè bóyá ìgbà kan wà tí ẹ kì í sùn fún ọjọ́ púpọ̀ tí ara yín sì ń yá gágá, nítorí bí ó bá jẹ́ àrùn bipolar ni, ìyẹn èyí tí ń gbé ọkàn ènìyàn ròkè àṣejù tí ó sì tún ń já a wálẹ̀, methylphenidate lè dá kún un. Wọn yóò béèrè nípa tramadol, kodíìnì, igbó àti ohun mímu tí ń lé oorun lọ. Kì í ṣe pé wọ́n fura sí yín. Gbogbo ènìyàn ni à ń bi. Ẹ kò sọ ọjọ́ orí àbíkẹ́yìn yín. Bí ó bá ṣì ń jí yín lóru, èmi yóò kọ́kọ́ fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń sùn kí n tó mọ ohunkóhun mìíràn.

Ní ti ibi tí ẹ ó lọ, Ọ̀fà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà lè wọn ìfúnpá yín, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí ó sì kọ lẹ́tà lé yín lọ́wọ́ lọ sí Ìlọrin, ẹ ó sì ti mú èsì wọ̀nyẹn dání kí ẹ tó gba Ajáṣẹ́-Ìpo kọjá. Ní Ìlọrin, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì, UITH, wà ní Òkè-Òsé. Ẹ̀ka tí ẹ ó béèrè níbẹ̀ ni Behavioural Sciences, ibẹ̀ ni àwọn dókítà ọpọlọ wà, kí ẹ má baà máa wá orúkọ mìíràn kiri lára pátákó. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú ọpọlọ tún wà ní Bùdó-Ẹ̀gbá. Níbikíbi tí ẹ bá yàn, ẹ béèrè kí ẹ tó rìn pé ọjọ́ wo ni dókítà tó ń rí àgbàlagbà tó ní ADHD máa ń jókòó, nítorí àwọn dókítà ọmọdé ni ó mọ́ lára jù láti máa rí àìlera yìí. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ mú ìwé àyẹ̀wò ọmọ yín dání. Bí dókítà kan bá sì fi ẹ̀rín dá yín lóhùn pé àgbàlagbà kì í ní i, ẹ béèrè fún dókítà mìíràn. Ẹ má retí pé ọjọ́ kan ni yóò parí.

Ẹ̀rù orúkọ wèrè tí ẹ ń bà, mi ò ní sọ pé kò nídìí. Ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ ayé amúnisìn tó ń fi orúkọ yẹn pe aláìsàn ti kúrò ńlẹ̀. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ló rọ́pò rẹ̀. Àárọ̀ ni ẹ ó lọ, ọ̀sán ni ẹ ó padà sílé yín. Kò sí ẹni tí yóò dá yín dúró, ohun tí ẹ bá sì bá dókítà sọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà.

Bí wọ́n bá wá sọ pé òun ni, oògùn wà, ó sì ń ran ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ́wọ́. Methylphenidate ni ọ̀pọ̀ dókítà kọ́kọ́ ń rò. Ìwọ̀n kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa pọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa wọn ìfúnpá, ìyára ọkàn àti bí ẹ ṣe sanra tó ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá padà. Ó lè pa ebi kú, ó lè lé oorun lọ, ẹnu lè gbẹ, orí lè fọ́. Bí ẹnì kan nínú ẹbí yín bá ti kú lójijì nígbà tí kò tíì dàgbà, tàbí tí ẹ ní àìsàn ọkàn tàbí glaucoma tí ń ba ojú jẹ́, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ ohunkóhun. Atomoxetine ni èkejì: kì í ṣe irú ti àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ ni a ń lò ó, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ènìyàn tó rí iṣẹ́ rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé àwọn kan ti máa ń sọ ọ́ nù ṣáájú. Méjèèjì kì í sí nílé oògùn gbogbo ìgbà. Ẹ pè kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ má sì ra èyí tí ẹnì kan ń kó kiri láìsí ìwé dókítà; methylphenidate jẹ́ oògùn tí òfin ń ṣọ́, èyí tí ó bá gba ẹ̀yìn wọlé, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ní ti títí ayé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni ó yẹ kí dókítà tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, kí ẹ jọ pinnu bóyá ẹ ṣì nílò rẹ̀. Ẹlòmíràn ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹlòmíràn ń fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ààwẹ̀ kò nira tó bí ẹ ṣe rò. Methylphenidate tó ń yára ṣiṣẹ́ kì í ju bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lára, ìyẹn ni pé ẹni tó ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́ yóò níṣòro. Ṣùgbọ́n èyí tó ń pẹ́ lára wà, tí a lè gbé mì ní àsìkò sààrì kí ó sì ṣiṣẹ́ di ọ̀sán. Atomoxetine ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ lè bọ́ sí sààrì tàbí ìṣínu. Kí oṣù Sha'abán tó ṣáájú Ramadan tó parí ni kí ẹ ti bá dókítà yín ṣètò rẹ̀. Ẹ má dá ara yín lẹ́kun oògùn, ẹ má sì sún gbogbo rẹ̀ sí alẹ́, nítorí ẹ kò ní sùn.

Oògùn kò ní to ìwé oníbàárà fún yín. Ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ wà, tí wọ́n ń pè ní CBT, tí onímọ̀ ìrònú àti ìhùwàsí fi ń kọ́ àgbàlagbà bí yóò ṣe gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ tí yóò sì fi ojú rí àsìkò. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń ṣe é ní Ìlọrin, ó dára. Kí ẹ tó rí i, ẹ ra pátákó kan, ẹ kàn án mọ́ ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ yín dojú kọ, kí orúkọ mẹ́ta péré wà lórí rẹ̀, kí ẹ má sì kọ ẹ̀kẹrin títí ẹ ó fi pa ọ̀kan rẹ́. Kí aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, òwú rẹ̀, síìpù rẹ̀ àti ìwé ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú àpò kan ṣoṣo. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá gbọ́n jù ni kí ẹ fi ṣe olùṣọ́ fóònù yín títí di ọ̀sán. Ọjọ́ tí ẹ bá dá fún oníbàárà, ẹ kọ ọjọ́ mìíràn fún ara yín, kí ó fi ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Àti owó àjọ: ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti máa kó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọkọ yín ló kù. Mo fẹ́ kí ó bá yín lọ ní ìgbà kejì, kì í ṣe kí dókítà bá a wí, bí kò ṣe pé dókítà nílò ojú rẹ̀: òun ló mọ bí ilé ṣe rí nígbà tí ẹ bá ní ẹ ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, òun ló mọ̀ bóyá ẹ ń hanrun, òun ló mọ bí ẹ ṣe rí kí ẹ tó bí ọmọ kankan. Bí ó bá jókòó tí ó sì sọ pé ọ̀lẹ ni, kí ó sọ ọ́ níbẹ̀. Wọn yóò bi í pé kí ni ó ti rí tí ó fi pè é bẹ́ẹ̀, ohun tí ó bá fi dáhùn yóò sì wúlò fún àyẹ̀wò náà bákan náà.